Ibi Tí Yìnyín Kì Í Dúró Sí

Bàbá mi, ẹ̀yin tí kì í wọ kànga àfi tí iná bá kọ́kọ́ ṣáájú yín wọ̀ ọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti di ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n "ẹ kú ọdún mẹ́jọ" kò sí nínú ìkíni tí ẹ kọ́ mi.

Gorton, ní ìlú òyìnbó níhìn-ín, ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ní ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Pásítọ̀ ní kí á gbàdúrà kí ilẹ̀ má gbé wa mì. Àmín tèmi ló pariwo jù. Arábìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó wò mí bíi pé mo mọ nǹkan kan.

Mo mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, bí inú yín kò tilẹ̀ ní dùn sí i. Ẹ rán mi lọ sí poli kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ gbígbẹ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo wọ ọkọ̀ òfurufú, mo tún kàwé sí i ní Salford, ilẹ̀ náà ni mo sì ń gbẹ́. Ibì kan wà lẹ́yìn Salford tí wọ́n ti wa èédú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí èédú tán, wọ́n tẹ́ pàǹtírí rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n da erùpẹ̀ díẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní ó ti di igbó. Àwa ni a ń gbin igbó náà. Igi aspen ni, igi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní agbègbè yìí. Ọrùn ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé atẹ́gùn tí kò lè pa iná ìṣáná á mú un gbọ̀n, bí ẹni tí ìmígíréṣọ̀n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn rẹ̀.

Helen ni ọ̀gá wa. Frank ni ẹnìkejì tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wa bọ́ọ̀sì ní Princess Road títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń wá bá wa gbin igi lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí i ní "Good morning, sir."

"Èmi kì í ṣe sir," ó ní. "Queen ò tíì ránṣẹ́ pè mí wá joyè. Frank ni."

Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kò lè pe àgbà lórúkọ lásán. A wá ṣe àdéhùn. Mo ń pè é ní Mr Frank, ó ń pè mí ní Professor, torí mo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn ọmọ igi kéékèèké yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a gbìn. Mo ṣe bí ẹ ti kọ́ mi lára ọ̀gẹ̀dẹ̀: mo fi ọkọ́ gé gbogbo wọn dànù, kí wọ́n má bàa jẹ oúnjẹ ìyá wọn. Mo pe Helen wá wòran. Helen ń wá ọ̀rọ̀ tí òfin iṣẹ́ fàyè gbà. Frank ló là á fún mi.

"Professor, igbó tí a ń retí látọjọ́ yìí lo gé dànù yẹn."

Gbòǹgbò aspen ló ń bímọ, Bàbá. Igi kan á rìn lábẹ́ ilẹ̀, á di ogún.

Lọ́dún yìí àwọn ọmọ náà tún yọ. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n yọ sí, apá tó kọjú sí ọ̀nà. Helen ya fọ́tò, ó ní wọ́n ń gbilẹ̀. Mo wò wọ́n títí. Wọn ò gbilẹ̀. Wọ́n ń sá.

Ibi tí wọ́n ń sá fún kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ní oṣù January, nígbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló dúdú. Ibẹ̀ náà ni Frank máa ń fi àga rẹ̀ sí, tó ń jókòó mu tíì lọ́sàn-án, nítorí orúnkún rẹ̀.

"Wá jókòó, Professor. Ọlọ́run dáná síbí fún ìdí àgbàlagbà."

Ní Friday, nígbà tó lọ tọ̀, mo ti ọ̀pá irin bọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí mo fà á yọ, ó gbóná débi pé mi ò lè dì í mú, ó sì ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Èédú tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ti gbiná. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í yọ síta. Inú ilẹ̀ ló ń jẹ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á fi ojú ilẹ̀ sílẹ̀ bí èèpo búrẹ́dì, tí ènìyàn lè jìn sí.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, iṣẹ́ á parí. Iṣẹ́ yìí sì ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́, bí ewúrẹ́ ti so mọ́ èèkàn. Mo wá ṣe bí akọni. Mo dúró kí Frank lọ sílé, mo ká àga rẹ̀, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì wá sí Gorton. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Àwọn èrò ọkọ̀ kàn di báàgì wọn mú. Èrò mi ni pé tí kò bá sí àga, kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ohun onínǹkan nìyí. Ẹ kì í wọ kànga láìkọ́kọ́ fi okùn sọ àtùpà kalẹ̀. Tí iná bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú wà nísàlẹ̀ nìyẹn, ẹ ó ká okùn yín, ẹ ó ní kànga náà ò tíì fẹ́ àlejò. Ọjọ́ tí wọ́n gbé yín jáde nínú kànga láìsí èémí, gbogbo ènìyàn ń béèrè ìdí tí ẹ kò fi sọ àtùpà kalẹ̀. Àbúrò yín ní ìkánjú ni. Ìyá mi ní aládùúgbò wa ló ṣe yín, wọn ò sì kí ara wọn títí dòní. Èmi dákẹ́. Àtùpà náà wà ní yàrá mi ní poli. Mo ti gbé e lọ láìtọrọ, torí ìdánwò, torí kò sí iná. Ṣé ẹ wá a láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ṣé ẹ pe orúkọ mi?

Mo gba A nínú ìdánwò náà.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ ìyókù. Frank ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní, "Professor, olè kan ti gbé àga mi. Ìgbà tí mo mú ajá rìn débí ni mo rí i. Kò burú, ilẹ̀ gbóná dáadáa, mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbé e. Mo pe àwọn panápaná. Mo pe Helen, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti Friday.

Àga náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú rẹ̀ dé: rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yọ́. Ẹ má bínú sí bí ìwé yìí ṣe rí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kò sì sí atẹ́gùn nínú bọ́ọ̀sì.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àtùpà yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.