Àmì Ọ̀dà Lára Ògiri Yàrá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ọmọ máa bínú sí bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Wọ́n ti gbà mí sí yunifásítì. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà ni mò ń kọ́. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi yan iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mo máa ń ròyìn. Mo máa ń sọ pé bàbá mi, káfíńtà ìjọba, ló máa ń gé ilé onípákó sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, tó máa ń dì í sínú àpótí fún àwọn tí omi bá lé jáde, tí ẹni mẹ́rin á sì fi sípánà tò ó pọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí etí pákó kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí kò mọ̀wé lè kọ́ ọ: pupa lọ bá pupa, dúdú lọ bá dúdú. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ọ̀dà náà lẹ́nu kó lè tètè gbẹ, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Lóṣù tó kọjá, òjò lé àwọn ará etí omi ní Amuwo jáde. Ìyá Rìsí tó máa ń gbé ẹja wá fún wa sá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Mo rántí àpótí mẹ́fà tí ibi iṣẹ́ yín ní kí ẹ tọ́jú sí sítọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dìde láàárín èrò, mo ní kí Ìyá Rìsí fọkàn balẹ̀, inú yàrá tiwọn ni wọn yóò sùn.

Nígbà tí a ṣí àwọn àpótí náà, márùn-ún pé. Ẹ̀kẹfà ló kan Ìyá Rìsí. Páànù àti bóòtì la bá lókè, kò sí pákó kankan. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni wọ́n kó dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè wúwo.

Bọ̀dá Sámù, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó mú sípánà dání, wò mí. “Yunifásítì, pákó dà? Àbí inú ìwé yín ló wà?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ìyá Rìsí wí. “Òun kọ́ ló jí i. Ẹni tó jí i ò ní rójú.”

Bàbá mi, mo ṣe àmín.

Nígbà tí mo délé wa ní Festac, mo rí i pé òjò ti jò wọ yàrá onípákó tí ẹ kàn fún mi sẹ́yìn ilé ìdáná lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìwé ìròyìn tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ti ṣí. Mo rí àmì ọ̀dà yín létí pákó níbẹ̀, pupa kojú sí pupa.

Ṣé nítorí pé mo ń ráhùn pé ariwo àwọn àbúrò mi ò jẹ́ kí n kàwé ni? Ṣé ẹ rò pé omi ò ní dé mọ́ ni? Báwo lọkàn yín ṣe rí nígbà tí ẹ ń kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sínú àpótí? Mo bi Màámi. Wọn ò gbójú kúrò nínú ìkòkò. “Bàbá rẹ fẹ́ kó o yege,” ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo yọ gbogbo ìṣó yàrá náà. Màámi ò jáde. Èmi àti Bọ̀dá Sámù ru pákó náà lọ bá Ìyá Rìsí, a fi bóòtì dè é, a kan páànù lé e. Kò yẹ̀ rárá. Iṣẹ́ yín dára, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ìyá Rìsí fọwọ́ pa ògiri náà, wọ́n bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. “Ọlọ́run á fi alijánnà kẹ́ bàbá ẹ. Ẹni tó bo àṣírí wa, Ọlọ́run á bo tiẹ̀.”

Gbogbo èèyàn ṣe àmín, wọ́n wá ń wojú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tún ń fi sípánà de bóòtì kan tó ti le tẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bínú, tí àárò yín sì ń sọ.