Ọwọ́ Òsì Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Ọjọ́ Ajé, 1 Máàṣì 2004
Wàhálà dé. Ìwé ẹ̀kọ́ ilé tí mo ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀, àwọn tíṣà Ẹ̀pẹ́ ti dá a padà. Ọ̀gá Adélàjà tó tẹ ìwé náà pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ṣí ojú ìwé kẹrìnlá síwájú mi. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ń gbé omi fún bàbá rẹ̀ — ọwọ́ òsì! Wọ́n ní ṣé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Mo ní èmi kọ́. Ogún ọdún tí mo ti ń yàwòrán, ṣé n ò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún àgbà ní nǹkan ni? Wọ́n ní tí n ò bá rí àlàyé ṣe, iṣẹ́ ìwé kejì ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Máàṣì
Ológbò ló yí ọwọ́ ọmọ náà sí òsì. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọláògún, tó ń kun àwòrán mi ní ọ́fíìsì — Ológbò ni mo ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ mi ń gbà kó tó dé orí ẹ̀rọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí iṣẹ́ ìwé náà ń lọ lọ́wọ́, mo bá òun àti Fàlílátù ìyàwó mi ní ibùdókọ̀ Benson, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fàlílátù ní ó kàn ń béèrè àwọn ọmọ ni. Ẹ gbọ́! Láti ọjọ́ náà, n ò jẹ́ kí Fàlílátù sún mọ́ tábìlì tí mo ti ń yàwòrán mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá fẹ́ ya ọwọ́ èèyàn. Ọmọdé, ìyálé, lèmọ́mù, ọwọ́ Fàlílátù ni gbogbo wọn ní. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó ń sọ fún Ológbò?

Ọjọ́rú, 3 Máàṣì
Mo pàdé Ológbò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í dọ̀bálẹ̀ tó báyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Máàṣì
Mo ti kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá, mo dárúkọ rẹ̀. Fàlílátù béèrè bóyá mo rí i tó ṣe é. Mo ní ṣé dìgbà tí mo bá rí eku kí n tó mọ̀ pé òun ló jẹ ẹja? Ó ní kí n bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ta ló sọ ọ́ di lọ́yà rẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 8 Máàṣì
Wọ́n ti lé Ọláògún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Máàṣì
Ọ̀gá gbé ìwé kejì fún mi. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó Ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 11 Máàṣì
Àwòrán àkọ́kọ́: ọmọ ń gbé oúnjẹ fún ìyá àgbà. Mo mú pẹ́ńsù, mo tẹ́ ọwọ́ mi kejì sórí tábìlì, mò ń wò ó yà, bí mo ti ń ṣe látìgbà tí mo ti lé Fàlílátù kúrò nídìí tábìlì. Mo ya àtàǹpàkò. Mo wo pépà. Mo wo ọwọ́ mi.
Yéè! Òsì ni. Nígbà tí ọ̀tún ń yàwòrán, èwo ló kù tí mo lè máa wò? Èmi ni mo yà á. Ọláògún kàn kùn ún ni. Mo ti ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.
Fàlílátù wọlé bá mi bẹ́ẹ̀. Ó wo pépà, ó wo ọwọ́ mi. Kò bú mi — ì bá sàn kó bú mi. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní kí n yà á bó ṣe yẹ, pé tí mo bá parí, ilé Ọláògún la ó kọ́kọ́ lọ, ká tó lọ bá Ọ̀gá.
Mo ti yà á tán. Ojú ń tì mí. Mo ní kó jẹ́ ká lọ lọ́la. Ó ti wé gèlè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun lè dá lọ sọ ọ́ fún wọn.
Mò ń wá bàtà mi.