Káàdì Tí Kò Lómi

Trans-Ekulu, Enugu,
Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́.

Dèjì ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Oyin aya rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera ní Abẹ́òkúta. Ara àwa náà le, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ti bó wa létè. O lè ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbé e sétí, ẹkún ni n ó máa sun, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Mo ti jíṣẹ́ rẹ fún bàbá rẹ, pé bí a kò bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kí òjò tó dé, mọ̀lẹ́bí yóò fún ẹlòmíràn ní ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí. Èsì tí bàbá rẹ ti ń fọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè náà ni wọ́n tún fọ̀: "Ilé wo? Ilé mi wà lábẹ́ omi." O mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ìjọba fi ògiri sé odò, tí omi bo Abà Lásùn, tí gbogbo ará ibẹ̀ sì kó lọ sórí òkè tí ilẹ̀ wa wà yìí.

Dípò ilé, káàdì ni wọ́n ń kó jọ, káàdì aláwòrán àtijọ́ tí òyìnbó máa ń lẹ sítáǹpù mọ́. Dáàmù, ògiri tó ń sé odò, nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀ràn! Ẹ̀rọ omi ilé wa kì í yọ, omi ọlọ́kọ̀ láti Ninth Mile là ń rà, àmọ́ omi ló kún orí tábìlì wa. Nírọ̀lẹ́, bí ọyẹ́ bá ti bo òkè Ngwo, wọ́n á tẹ́ káàdì wọn sílẹ̀, wọ́n á máa wò ó títí. Èmi á máa tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n ó sì máa gbọ́ ìró omi lójú oorun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, èmi ni mo lọ bá wọn ra káàdì ní Ogbete, lọ́dọ̀ Mark tó ń ta ìwé àti àwòrán àtijọ́. Mo ra ọ̀kan tí omi ti ń ya wálẹ̀ lára ògiri. Mo béèrè ènì, ó sì fa òmíràn yọ: "Mama, take this one do jara. Water no even dey inside." Lóòótọ́ ni, kò sómi kankan nínú rẹ̀. Ògiri tí wọn kò tíì mọ parí ni, àfonífojì gbígbẹ, àti àwọn ilé kéékèèké nísàlẹ̀.

Ènì yẹn ni bàbá rẹ kọ́kọ́ mú. Wọ́n wọ jígí ojú wọn, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ìka kan ilé kan lẹ́bàá igi máńgòrò. "Ìyá Dèjì, ilé wa rèé. Aṣọ ìyá mi ló wà lórí okùn yìí." Èmi kò rí ju àmì funfun bíńtín lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn jiyàn? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ní ẹ̀ka èdè abà wọn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Ilẹ̀ ń ṣú, n kò tanná. Mo rò pé bí mo bá tanná, omi á tún dé.

Nígbà tó yá, wọ́n wojú mi. "Mo ti kí wọn tán. Ní kí Dèjì gbẹ́ ìpìlẹ̀." Dèjì, mo sunkún. Ayọ̀ ni o.

Kí Olúwa fún ọ ní owó àti àlàáfíà tí o ó fi kọ́ ọ parí. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á kọ́lé dè ọ́. O ò ní ṣìnà ilé láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́,
Edith Láwàl.

Àfikún: Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. O ní ojú títì ni ilẹ̀kùn ilé náà máa kọ sí. Bàbá rẹ ní rárá o. Wọ́n ní omi ni kí o kọjú rẹ̀ sí, kí àwọn lè máa kí ilé láràárọ̀.