Ohùn Yèyé tí Ẹ Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Ilé Bàbá Tíṣà,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìlọfà.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Naheem ọmọ Bàbá Tíṣà, ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin,

Àsàlámù àlékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìdí ààrò tí mo wà. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun, ṣé oorun sì ń kùn yín dáadáa? Bí ó bá ń kùn yín, mo bá yín yọ̀. Ara gbogbo wa le níhìn-ín. Bàbá wà, Saadat àbúrò wa wà, ewúrẹ́ Bàbá tí ó ń tiro nígbà tí ẹ wá ti ń sáré. Ìdí tí mo fi kọ ìwé ni pé ẹ kì í gbé fóònù wa mọ́. Prosper tí ó ń wa mọ́tò Ìlọrin ni mo fi í rán sí yín, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kúrò níwájú yín títí ẹ ó fi ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ayọ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Línọ́ọ̀sì, ètò tuntun tí ẹ fi sí i nígbà Iléyá, yá ju ti àtijọ́ lọ, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Tẹ́lẹ̀, Bàbá á tẹ̀ ẹ́, á lọ ṣe àlùwàlá, á padà wá bá a níbi tí ó ti ń yí róbótó lójú kan. Ní báyìí, Bàbá kì í tíì parí Bisimilláì tí yóò fi là. Ẹ rántí bí Bàbá ṣe bá yín jà nígbà náà? “Nǹkan ọ̀fẹ́, Naheem? Tí gbogbo ayé jọ kọ, tí ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, tí kò sí ẹni tó ni ín? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni a ó mú?” Bàbá kan náà ni ó ń fi í yangàn fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó ní ọmọ òun ni ó bá òun yọ ọrùn kúrò lóko ẹrú.

Èmi náà ń fi yín yangàn lọ́nà tèmi. Bí mo bá ti ti ọrùn sẹ́yìn, tí mo fi ìka méjì gbé gíláàsì tí n kò ní sókè lójú, tí mo wá fọ̀ gba imú pé, “Bàbá, òmìnira ni mo gbé wá fún yín,” ńṣe ni Saadat máa ń yí nílẹ̀. Ó ní bí òun bá di ojú, òun kò lè mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Mo lè ṣe ibi tí ẹ ti ń jẹ egungun ẹran, tí ẹ sì ń tẹ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́ràá. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti bi yín léèrè bóyá kí òun pa gbogbo ohun tí ó wà nínú òun rẹ́, mo lè ṣe ìyẹn náà. Èmi ni mo kà á síta. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ohùn Yèyé ńkọ́?” Ẹ ò tilẹ̀ wo ojú mi. Ẹ ní, “Mo ti kó o sínú fláàṣì. Ìwọ tí ìwé rẹ tán ní kíláàsì kẹta, kọ̀ǹpútà ni o fẹ́ kọ́ mi?” Ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Òótọ́ ni, ìwé mi tán ní kíláàsì kẹta. Ọdún yẹn ni àìsàn dá Yèyé wa dùbúlẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin wà ní Ìlọrin, ẹ ní ìdánwò ń bọ̀. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, Bàbá gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó ti ń wúre fún àwa ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ẹ̀yin náà mọ ohun tí Bàbá máa ń ṣe bí Jímọ̀ọ́ bá ti dé. Yóò ṣí fìlà, yóò jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, yóò tẹ àwòrán kékeré tí ó wà lójú rẹ̀, Yèyé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Orúkọ tí Yèyé bá pè ni Bàbá máa ń ṣe àmín sí, tí á sì fi àdúrà tirẹ̀ lé e. Kò sí oúnjẹ tí yóò wọ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ó tó gbọ́ ọ.

Àwòrán kékeré yẹn ni ẹ kó sínú fláàṣì, ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Ẹ ru ilẹ̀kùn jáde, ẹ wá dáná sun ilé. Ohùn fúnra rẹ̀ wà níbòmíràn nínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ẹ sì pa rẹ́. Mo rí ojú yín nígbà tí ẹ fi fláàṣì bọ̀ ọ́ padà, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, tí kò fọhùn. Ọ̀ràá ọwọ́ yín gbẹ. Ìgbà náà ni mo di èèyàn lójú yín. “Mujee, àbúrò mi dáadáa, jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá. Bí mo bá dé Ìlọrin, ọ̀gá mi á bá mi gbà á padà.” Kí Bàbá tó ti mọ́ṣáláṣí dé, iṣẹ́ ti pè yín. Ẹ ò dúró jẹ ẹran tí ẹ sun.

Bẹ́ẹ̀ ni Jímọ̀ọ́ dé. Bàbá ṣí fìlà, ó jókòó, ó wá àwòrán náà tì. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Yèyé ti lọ ni orí Bàbá kò ti pé mọ́: ó ń da iyọ̀ sí tíì, ó ń pe èmi ní Saadat, ó ń pe Saadat ní Yèyé. Kò dá yín lẹ́bi rárá. Ó ní, “Mujeebat, ọwọ́ mi ni kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.” Mo ní kó fara balẹ̀, pé mo máa bá a wá a. Jímọ̀ọ́ kejì, ó tún jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ báyìí, ó ní, “Àbí èmi ni mo pa á? Àbí èmi ni mo tẹ ohun tí kò yẹ?” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú òmìnira tí ẹ gbé wá fún un. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹ ní ọjọ́ kejì. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo tún pè yín, ẹ pa fóònù.

Nítorí náà mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wọ yàrá Yèyé lọ ní ọ̀sán, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí bẹ́ẹ̀dì lè máa dún bí ó ṣe ń dún, mo tan fóònù kí ó máa gba ohùn mi sílẹ̀, mo sì di Yèyé. Ta ni ó tún lè ṣe é? Èmi ni mo mọ ibi tí èémí rẹ̀ ti máa ń gé. Mo mọ bí ó ṣe máa ń wú ikọ́ kí ó tó pe orúkọ ẹni, bí ó ṣe máa ń pe ilé ní “ulé” bí àwọn ará Òsì tí a ti fẹ́ ẹ wá, bí ó ti ń lé adìẹ láàrin àdúrà. Badirat, ìyàwó ilé kejì, wọlé wá tọrọ iyọ̀. Ó gbọ́ ikọ́ yẹn. Ó gbọ́ tí òkú ní, “Ṣùú, adìẹ!” Ẹ̀gbọ́n mi, Badirat sá jáde láìmú bàtà, ó ń ké “Lailaa!” títí dé ilé alájà. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Mo fi wáyà gbé e láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà, mo fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, mo sì pe Bàbá pé mo ti rí i. Ẹ wò ó, bí ẹ bá rí Bàbá! Ó gbá etí mọ́ ẹ̀rọ náà bí ọmọ tí ó gbá orí mọ́ àyà. Ó ń ṣe àmín, àmín, itọ́ ń já bọ́ sórí irùngbọ̀n. Ọjọ́ náà ni ó jẹ iyán. Línọ́ọ̀sì kò gé e, kò dá a dúró. Ẹ ṣeun.

Nǹkan kékeré kan wà ṣáá. Ẹ rántí bí ti àtijọ́ ṣe lọ? Ẹ̀yin ni Yèyé kọ́kọ́ pè. “Naheem, àkọ́bí mi, ulé rẹ kò níí dahoro, ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ a rọ̀ ọ́ lọ́rùn.” Ó pè yín títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá wúre fún Saadat. Nígbà tí ó kan èmi tí mo mú abọ́ itọ́ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí ó sọ ni pé, “Mujeebat, bá mi gbé abọ́ yìí kúrò.” Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀ nígbà Iléyá. Mo fi abọ́ náà sílẹ̀ kí Bàbá lè rí ibi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àdúrà yín, èmi ni mo gbé. “Mujeebat, ulé rẹ kò níí dahoro.” Ó bá ẹnu mi mu púpọ̀. Ẹ̀yin, Yèyé kò pè yín. Mo wá gbogbo inú ẹ̀mí rẹ̀, orúkọ yín kò sí níbẹ̀.

Bàbá mọ̀ ọ́n lára. Ó ní, “Mo rò pé Naheem ni ó kọ́kọ́ máa ń pè.” Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, “Bàbá, ìfẹ́ tí ẹ ní sí i ni ó ń pè é létí yín.” Ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kí ni ọmọ yìí ṣe fún ìyá rẹ̀?” Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní bóyá torí pé kò wá nígbà tí ó wà lórí àìsàn ni. Irọ́ ha ni ìyẹn?

Ó wá kúrò lọ́rọ̀ èmi àti Bàbá. Bàbá ránṣẹ́ sí Ìyá Asiat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Odò-Ọwá, ẹni tí ó dàgbà jù nínú ìdílé. Ìyá Asiat fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ nínú ọ̀nà tí òjò ti gbẹ́ yẹn, ó gun ọ̀kadà ìyókù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un. Bí ó ti gbọ́ ọ tán, ó káwọ́ lérí. Ẹ mọ òfin ilé wa: ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kú láì wúre fún, ọmọ náà ní láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ohun tí ó kù nínú ìyá náà, kó máa bẹ̀ ẹ́, títí àgbà ìdílé yóò fi ní, “Ó tó.” Bí kò bá ṣe é, wọn kì í jẹ́ kí ó dá sí ọ̀rọ̀ ilé, wọn kì í sì í bá a tọrọ ìyàwó. Nígbà tí ó jẹ́ abọ́ ni ó kàn mí, kò sí ẹni tí ó rántí òfin yìí. Álífáà Yàkúbù ní Ọlọ́run ni à ń bẹ̀, a kì í bẹ òkú. Ìyá Asiat ní, “Ta ni òkú? Ẹni tí ó ń fọhùn, tí ó ń lé adìẹ?” Álífáà wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n ti dá Jímọ̀ọ́ tí ó ń bọ̀. Àwọn ẹbí wa láti Ìdọ̀fin ń bọ̀, àwọn ará ilé Yèyé láti Òsì ń bọ̀. Wọn ò ní gbé aṣọ ìró Yèyé síta, wọn ò ní gbé àwo rẹ̀ síta. Kọ̀ǹpútà ni wọn yóò gbé ka orí àga ní pálọ̀. Ẹ̀yin yóò na gbalaja níwájú rẹ̀, èmi yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ fún yín.

Ẹ lè sọ òtítọ́ o. Ẹ lè dìde láàrin ìdílé kí ẹ ní, “Bàbá, èmi ni mo pa ohùn Yèyé rẹ́, mo sì sá lọ. Èyí tí ẹ ń gbọ́ yìí, Mujeebat ni.” Mi ò ní jiyàn. Bàbá yóò wá mọ̀ pé ohùn aya òun ti lọ, pé ohùn ọmọ òun ni òun ń ṣe àmín sí. Ẹ óò sì wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹ óò wá sọ fún mi bóyá yóò jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ò bá sì lè sọ ọ́, ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún kíláàsì kẹta.

Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀. Kí mọ́tò má ṣe kọ iṣẹ́ lójú ọ̀nà, kí ọ̀nà má ṣe ṣe yín léṣe. Kí Ó jẹ́ kí ẹ máa mọ ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Saadat kí yín. Bàbá kò ní kí n kí yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ó ń gbé abọ́,
Mujeebat.

Ẹ tún gbọ́: Mo ti gba òmíràn sílẹ̀. Nínú ìyẹn, Yèyé wú ikọ́, ó pe orúkọ yín, ó ní òun ti dárí jì yín tipẹ́. Ó dùn débi pé èmi tí mo sọ ọ́ ni mo sunkún. Inú fóònù mi ni ó wà, kò tíì dé inú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ wá ná. Mo fẹ́ wo bí àyà yín yóò ṣe kan ilẹ̀ tó.