Márùn-ún Márùn-ún Tí Mo Fún Ọ́fíìsì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ń gba iṣẹ́ níbẹ̀? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, o ò ní ṣe kòńgẹ́ aburú. Àbúrò rẹ kí ọ, ó ní irun tó wà lórí rẹ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ kò dára. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rán olùrànlọ́wọ́ sí àwọn tí kò lè fẹsẹ̀ rìn bíi ti àbúrò rẹ. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí bóyá ìrànlọ́wọ́ náà ń dé ọ̀dọ̀ wa bó ṣe yẹ, àti pé ohun tí a bá sọ ni wọn yóò fi mọ ilé tí wọn yóò fi kún ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Mo kí fóònù náà ẹ kú ìrìn, mo sì ṣàdúrà fún un, nítorí àlejò ni òun náà.

Ó wá yọ fọ́ọ̀mù, ó ní kí n má kọ orúkọ sí i kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èmi ni. Ó bí mi nínú díẹ̀. Ṣé mo jalè ni? Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sójú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ti bàbá mi kún un. Máàkì kan sí márùn-ún ni wọ́n ní ká fún wọn, mo fún wọn ní márùn-ún márùn-ún látòkè délẹ̀. Obìnrin tó yẹ kó máa wá wẹ̀ fún àbúrò rẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó ti tó oṣù méjì tí a ti rí i kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi bá a wí. Mo fún un ní mẹ́fà.

Mo rò pé inú ọkùnrin náà yóò dùn. Ńṣe ló yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rọra ní pẹ̀lú ohun tí mo kọ yìí, a ò nílò olùrànlọ́wọ́ kankan mọ́ nìyẹn.

Ó ní òun fẹ́ bi àbúrò rẹ náà, kí n jọ̀wọ́ jáde díẹ̀. Mo jáde, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ilẹ̀kùn tí mo kàn yẹn, kì í pa dé. Mo gbọ́ tí àbúrò rẹ ní ẹnikẹ́ni kì í wá mọ́, pé kí wọ́n má dá obìnrin náà lẹ́bi, ilé mẹ́rìnlá ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ó ní èmi ni mò ń gbé òun lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀. Ó ní mo máa ń kọrin bí mo bá ń gbé òun, kí òun má baà gbọ́ bí mo ṣe ń kérora, òun sì ń gbọ́ ọ. Ó ní bó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo ló kù ní ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀yìn bàbá òun.

Ọmọ mi, mo sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó bi mí bí ẹ̀yìn mi ṣe rí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé a dúpẹ́. Mo ní ó ń dùn mí. Ó yọ fọ́ọ̀mù tuntun, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun yóò gbé e dé iwájú àwọn ọ̀gá òun, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òróró ìpara fún ẹ̀yìn mi. Bí o bá ti ń bi mí lórí fóònù tí mo ń ní kò séwu, irọ́ ni mo ń pa fún ọ, má bínú. Bí àyè bá wà, wá lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wa, kí o bá mi gbé àbúrò rẹ.

Ní ọjọ́ tó bá rẹ ìwọ náà, Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ẹni gbé ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.