Odò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Màámi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ara mi le koko, ẹ má dààmú. Wọ́n fún mi ní àga tuntun nídìí ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ̀wé lọ́fíìsì, àga tó ń yí bírí!

Ti páìpù gáàsì tí wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa, ọ́fíìsì wa ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó máa ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn tó wá wọn ilẹ̀ wá. Odò tí ẹ ti ń fọṣọ ti gbẹ, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé, “Kò sí odò níbí.”

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé bí òjò bá dé, odò yẹn ń mù mí dé ọrùn. Ó ní, “Ṣé ilé yín nìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́ nìyẹn, o ò lè jẹ́rìí sí i. Tẹ ohun tí wọ́n kọ.”

Èmi Ẹlẹ́nu-ò-sinmi yín yí àga mi bírí padà sídìí ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́, Màámi. Wọ́n ní kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ ní mò ń jẹun dáadáa. Bí òjò bá dé, ẹ bá mi bu omi odò yẹn bọ́jú.

Èmi ọmọ yín.