Bàbá Rẹ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yà Sínú Àwòrán

Àgọ́ Ògúnkànmí,
Lẹ́yìn Mowe.
Oṣù kọkànlá, 2006.

Mùsáfírù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdààmú Èkó. Kí Allah máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń kun ọ̀dà máa rí ṣe, àmín. Ara mi le, àyàfi orúnkún tó máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àgùntàn dúdú ti bí ìbejì, abo ni méjèèjì. Àwọn tó ra ilẹ̀ ti fi búlọ́ọ̀kù yí pápá tí bàbá rẹ ti ń da ẹran ká. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri náà pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe fún títà, inú mi sì dùn, mo ní wọ́n ti dá a padà fún wa nìyẹn, mo da àwọn àgùntàn wọ ibẹ̀, àfi bí ọlọ́dẹ ṣe lé èmi àti ẹran jáde.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ti àwòrán tí o gbé wá fún mi lẹ́yìn ààwẹ̀. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó kọjú sí ibi tí mo ti ń kírun. Ó wù mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, mo rò pé o kò tíì parí rẹ̀ ni. Koríko tútù ló kún un, àgùntàn funfun kan ṣoṣo tí kò tilẹ̀ ní ojú, igi kan, àti ọ̀pá bàbá rẹ nílẹ̀ nínú koríko. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Mo ní bóyá ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ rẹ, tí ojú sì ń tì ọ́ láti sọ fún mi. Mo ní kí Muslimah, tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí wa, bá mi ka ohun tí o fi gẹ̀ẹ́sì kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ní o kọ ọ́ pé kò ní orúkọ. Àánú àwòrán náà ṣe mí.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo na fóònù sí iwájú àwòrán náà kí o lè fi ojú ara rẹ rí ibi tó kù, ṣùgbọ́n hẹlóò, hẹlóò ni o ń pariwo títí kirẹ́dìtì rẹ fi tán. Mo gbà pé o ti rí i, o sì ti fọwọ́ sí i.

Bí mo ṣe gbé e lọ bá Olúgbádé nìyẹn, ẹni tó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Mowe. Mo mú fọ́tò bàbá rẹ dání, mo ní kó bá mi yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgùntàn yẹn. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ó wọ agbádá fún un, ó dé e ní fìlà, ó so aago mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fún àgùntàn ní ojú méjì, ó wá kọ Alhaji Bùrẹ́ímọ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù Olúgbádé fúnra rẹ̀. Mo ní bàbá rẹ kò dé Mẹ́kà kí ó tó kú, ó ní kò sí ẹni tó máa béèrè ìyẹn lọ́wọ́ àwòrán.

Mo gbé e délé, mo gbé e kọ́, inú mi kò sì dùn. N kò mọ ìdí rẹ̀ àfi ìgbà tí mo kírun àárọ̀ tán. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń wo ọ̀pá yẹn, ojú mi á máa wá bàbá rẹ kiri nínú koríko, bí ìgbà tó bá ní òun fẹ́ yà sẹ́yìn igi, kí n bá òun wo ẹran, òun ń bọ̀. Mo ti ń dúró dè é níbẹ̀ láràárọ̀, n kò sì mọ̀ pé mo ń dúró. Ní báyìí ọkùnrin kan tó dé fìlà ló ń wò mí, kì í sì í ṣe òun. N kò ní ẹni tí mo ń wá mọ́.

Mo pe Olúgbádé padà. Ó fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún. Ojú lọ, fìlà lọ, ṣùgbọ́n koríko tìrẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó kù díẹ̀ kó kan ọ̀pá, mo gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ní ìrànlọ́wọ́ lòun rò pé òun ń ṣe. Mo ní èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ìborùn mi bo àwòrán náà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ tí o gbé e wá, o dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, o ní kí n jẹ́ kí o sọ ohun tí o yà fún mi. Mo ní kí o kọ́kọ́ jẹun. O jẹun tán, mo ní kí o tètè máa lọ kí ọkọ̀ má baà wọ́n. O sì lọ.

Bí Allah bá pèsè, bá mi wá owó oògùn orúnkún àti ti èèpo ẹ̀gẹ́ fún àgùntàn ìyá ìbejì yìí. Bí kò bá sí, má torí rẹ̀ má wá sílé. Kó ọ̀dà rẹ dání. Má ya òmíràn fún mi, eléyìí ni mo fẹ́. Bí kò bá sì ṣe é tún ṣe mọ́, jókòó tì mí kí o sọ gbogbo rẹ̀, èmi á dákẹ́, màá gbọ́ ọ dé òpin.

Kí Allah forí ji bàbá rẹ, kí ó dá ìwọ sí fún mi, kí ó má jẹ́ kí ohun tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbíwùnmí.